Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọ gbọ̀ngàn àdúgbò wa

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ dákun, àwọn gbọ̀ngàn tá à ń kọ́ báyìí ti gbóná jù. Wíńdò kékeré, kọ́tìn bò ó pa, tí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí àwọn ìyá wa á ti máa làágùn kí mítíìn tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun lọ́sàn-án gangan mọ bí ara ṣe ń tutù lábẹ́ igi.

Lọ́dún 1984, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, àwọn tó ń rí igi lójú wíńdò tètè lọ sílé ju àwọn tó ń wo ògiri lọ, oògùn ìrora tó le tí wọ́n lò náà ò pọ̀ tó tàwọn yẹn.

Kò dìgbà tá a bá náwó rẹpẹtẹ. Ẹ jẹ́ kí wíńdò kọjú síra, kí atẹ́gùn gba ibí wọlé kó gba ọ̀hún jáde. Ẹ gbin efinrin sínú ike ọ̀dà, ẹ lu ìdí ẹ̀ kómi má dúró kí ẹ̀fọn má bàa ráyè, ẹ gbé e sẹ́nu wíńdò tí oòrùn ń dé, téèyàn bá fọwọ́ kan ewé ẹ̀ báyìí, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀. Gbọ̀ngàn tiwa ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní ike ọ̀dà nílé kó má dà á nù o, kó gbé e wá.