Ìbọn Ogun Àtijọ́ Nínú Òtútù

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Àbújá níhìn-ín, ọkàn mi a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn ogun àtijọ́ ta ojú àmì nínú yìnyín ní Kánádà àti Finland. Òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba aráàlú láti ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wù mí gidigidi.

Ẹ wo Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà, tó ti wà láti 1891, tàbí Lee-Enfield, irú èyí tí àwọn bàbá wa gbé jagun ní Boma. Bí òtútù bá mú, ọ̀rá ara irin a dì, irin tí wọ́n ń fà láti ki ọta sínú ìbọn a sì wúwo lọ́wọ́. Ẹ̀tù pàápàá kì í lágbára tó ti ìgbà ooru, nítorí náà ọta lè balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n fojú sùn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìpáàrà. Èròjà tí wọ́n fi ń dáná ran ẹ̀tù nínú ọ̀pọ̀ ọta àtijọ́ a máa fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ihò ìbọn, iyọ̀ náà a sì máa fa omi mọ́ra; bí wọ́n bá tún gbé ìbọn tútù wọ ilé tó móoru, omi a sẹ̀ sí i lára. Epo nìkan kò lè tú iyọ̀. Omi gbígbóná ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣan ihò náà, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n tó fi epo pa á, ní ọjọ́ náà gan-an.