Ìdágbére fún ajá ilé: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé

Kí ẹ tó gbà pé ogbó ló mú ajá yín dùbúlẹ̀, ẹ ká ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo èrìgì rẹ̀. Ti ajá tára rẹ̀ le máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, á funfun, á sì tún pọ́n padà kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó pé. (Bí èrìgì rẹ̀ bá dúdú látilẹ̀, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.) Bó bá funfun bí ẹfun, tí ara gbóná, tí eégbọn sì rọ̀ mọ́ ọn létí àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn tí eégbọn kó ràn án ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán. Ìyẹn gbóògùn. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá sin ajá tí ì bá yè, torí pé kò sẹ́ni tó ká ètè rẹ̀ wò.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kíndìnrín ti daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí jẹjẹrẹ ti gbilẹ̀, tí kò lè dìde mọ́, tó ń tọ̀ síbi tó sùn sí, ẹ pe dókítà ẹranko kó wá fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má bàa jìyà mọ́. Ẹ má fún un ní ibuprofen torí ìrora: ó ń dá egbò síkùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Abẹ́rẹ́ 2 ni kẹ́ ẹ béèrè fún. Àkọ́kọ́ ló máa mú un sùn wọra. Èkejì, pentobarbital, ló máa dá ọkàn rẹ̀ dúró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n sábà máa ń gbà fi sí i. Omi ti gbẹ lára ajá tó ń kú lọ, iṣan rẹ̀ ti tẹ́. Tí kò bá tíì sùn, á máa jà, abẹ́rẹ́ á yẹ̀, oògùn á tú sínú ẹran, á sì máa ta á. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ojú rẹ̀ ò ní pa dé. Ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn ikú, kí iṣan máa gbọ̀n, kí ìtọ̀ sì jáde. Kì í ṣe pé ó ń jẹ̀rora. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí onílé sá fún un: ẹ gbé orí rẹ̀ lé itan yín, kí ẹ máa pe orúkọ tó mọ̀.

Ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí ara tó le. Aṣọ òwú tàbí ẹní ni kẹ́ ẹ fi wé e. Ọ̀rá kì í jẹ́ kó jẹrà. Kí kòtò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí òkú tó 3, kó sì jìnnà sí kànga àti ojú àgbàrá. Pentobarbital kì í tètè kúrò nínú òkú: ajá tàbí igún tó bá jẹ ẹ́ lè kú, nítorí náà ẹ má gbé e jù sórí ààtàn.

Bó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí tó ń da itọ́ tí kò sì lè gbé nǹkan mì, ẹ má tíì sin ín. Dìgbòlugi lè ni. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Dókítà ló máa fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, irú èyí tí wọ́n ń ṣe níléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Kí ẹni tó bù jẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ó ti kú. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ajá sùn lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù oorun. Tí kì í bá ṣe àìsàn tó ń ràn ló pa á, ẹ jẹ́ kí ajá kejì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó bò ó. Oúnjẹ rẹ̀ lè dín kù fún ọjọ́ díẹ̀. Tó bá kọ omi pẹ̀lú, ẹ gbé òun náà lọ sọ́dọ̀ dókítà.