Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Dọ̀tí ní Láàbù Ànátómì

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ́ni ní ànátómì, ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni pé ẹni tó dúró ti tábìlì, tó kàn ń wo ọwọ́ olùkọ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá yí òkú kan ká, àwọn díẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á máa tẹ fóònù. Òkú ò kárí, ṣùgbọ́n ọkàn ewúrẹ́ lè kárí: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin sí ìdí ọkàn kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀la ni kí ẹ ti bá alápatà sọ̀rọ̀ ní Tàkíé tàbí Sábó. Ọkàn màlúù sábà máa ń ti gba ọ̀bẹ kó tó dórí àtẹ, torí àwọn tó ń yẹ ẹran wò máa ń là á láti wá ọmọ aràn nínú rẹ̀. Ti ewúrẹ́ ló sábà máa ń wà ní odindi. Ẹ ní kó fi òpójẹ̀ tó gùn tó ìbú ìka mẹ́ta sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, á gé e mọ́ ìdí, aorta, òpójẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọkàn, á sì bá a lọ. Inú kúlà tó ní yìnyín ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbọ́kàn lé fíríìjì, ẹ ṣáà mọ bí iná wa ṣe rí.

Kí abẹ tó kàn án, omi ni àkọ́kọ́. Ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ kúrò, nítorí èyí tó bá há sẹ́nu fáàfù, ìyẹn ìdérí inú ọkàn, kò ní jẹ́ kó pa dé. Ẹ rọra fi sírínjì ńlá da omi sínú aorta: àpò kéékèèké mẹ́ta á kún, wọ́n á pàdé láàárín, omi á dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ gé orí yàrá òkè apá òsì, ẹ fi ìka pa aorta, ẹ ti omi sínú yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fún un. Àwọn ìdérí á wú sókè. Ìkánjú ló máa ń ba èyí jẹ́: bí ẹnìkan bá ti la ògiri yàrá ìsàlẹ̀, omi á gba ibẹ̀ jò.

Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè òsì àti ọ̀tún kí wọ́n tó gé e. Ìka ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìwé: òsì le, ọ̀tún rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, kí wọ́n fi rúlà wọn ògiri méjèèjì. Ti òsì á nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fúnra wọn. Ní apá ọ̀tún, ẹ má fi agbára ya á. Okùn ẹran kan dábùú inú rẹ̀, moderator band, á já.

Kíndìnrín ò gba àlàyé púpọ̀. Ti màlúù rí kókókókó lẹ́yìn, ti ewúrẹ́ dán bíi tiwa, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló jọ tiwa jù. Èmi kì í gbé e wọ kíláàsì tí Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, àwòrán ni mò ń lò.

Ohun tí ewúrẹ́ ò lè bá yín ṣe dáadáa ni brachial plexus, àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ti ọrùn wọ apá. Wúùlù tí wọ́n fi ń dirun ló dára fún un: àwọ̀ márùn-ún, láti C5 (iṣan karùn-ún ní ọrùn) dé T1 (èyí àkọ́kọ́ ní àyà), lórí pákó tó ní ìṣó. C5 àti C6 á pa pọ̀, C7 á dá wà, C8 àti T1 á pa pọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yìí, tí à ń pè ní ìtí, pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń di okùn kan. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀. Ti iwájú ìtí òkè àti àárín á pa pọ̀, ti ìsàlẹ̀ á dá lọ. Ẹ fi rọ́bà pupa sáàárín dípò axillary artery, òpójẹ̀ tó gba abíyá kọjá, nítorí ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wà sí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láìsí rọ́bà yẹn, àkọ́sórí lásán ni. Níkẹyìn, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé C5 àti C6, kí wọ́n tọ àwọ̀ tó já lọ, kí wọ́n sọ ìdí tí apá ò fi ní lè gbé sókè mọ́, tí ìgúnpá ò sì ní lè ká.

Kí gbogbo wọn wọ ìbọ̀wọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ di ẹran náà sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ rí i pé wọ́n sun ún tàbí rì í mọ́lẹ̀. Ẹnìkan á bèèrè bóyá òun lè gbé e lọ sílé sè. Rárá ni ìdáhùn.