Nígbà tí Náírà Mẹ́fà ń Kún Táǹkì Ìjàpá

Bí àwa tí a ti ń wakọ̀ láti ìgbà Ṣàgàrí bá kóra jọ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó kan iye tí a ń ra epo nígbà náà, bí ẹnì kan bá sì ti lè dárúkọ kọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nítòsí á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni pé àlọ́ ni a ń pa fún wọn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1978, nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí ìjọba ológun, kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀ ni lítà epo bẹntiróòlù kan, bàbá mi sì kà á sí ọ̀wọ́n, nítorí pé nǹkan bíi kọ́bọ̀ 9 ló ti ń rà á tẹ́lẹ̀.

Volkswagen bàbá mi ni mo fi kọ́ ìwakọ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú, afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì náà tutù, kò sì ní radiétọ̀ rárá, nítorí náà ẹni tó ń gun òkè lọ sí Ìtòkú ní ọ̀sán gangan kò ní í wá omi kiri bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ Datsun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó jọ mí lójú jù ni omi tí a fi ń fọ gíláàsì iwájú: afẹ́fẹ́ inú táyà ìpààrọ̀ ló ń tì í jáde nípasẹ̀ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí afẹ́fẹ́ táyà yẹn bá lọ sílẹ̀, kí onímọ́tò sọ̀ kalẹ̀ kó lọ fi àkísà nu gíláàsì rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì kú lọ́nà Ìfọ̀, sípánà mélòó kan, púlọ́ọ̀gì tuntun kan àti sùúrù díẹ̀ sábà máa ń tó láti gbé e dìde, níbi tó jẹ́ pé lónìí mẹkáníìkì kò ní í tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ mi kó tó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, owó àyẹ̀wò sì yàtọ̀ sí owó iṣẹ́.

Táǹkì Ìjàpá ń gba nǹkan bíi lítà 40, nítorí náà náírà mẹ́fà àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ti tó láti kún un. Ṣùgbọ́n iye yìí nìkan kò tíì sọ ohunkóhun, nítorí pé owó oṣù náà kéré nígbà náà, ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 1981 jẹ́ 125 náírà. Kódà nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí sọ epo di 20 kọ́bọ̀ ní 1982, owó yẹn ń ra lítà 625, èyí tó ju táǹkì Ìjàpá 15 lọ. Lónìí, owó oṣù tó kéré jù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa jẹ́ 77,000 náírà; bí a bá fi lítà kan sí 900 náírà, lítà 85 ni yóò rà, ìyẹn táǹkì méjì àti díẹ̀. Agbára tí owó ní ló ti lọ, òun gan-an ni mò ń ṣàárò rẹ̀.

Àwa Ẹ̀gbá kò sì lè dá àjòjì nìkan lẹ́bi lórí ọ̀wọ́n epo. Yàtọ̀ sí ti Ọbásanjọ́, Ernest Ṣónẹ́kàn, tí òun náà jẹ́ ọmọ wa, ló wà lórí àga nígbà tí epo fò láti 70 kọ́bọ̀ sí náírà márùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Abáṣà ló wá dín in kù sí 3.25 náírà.

Èmi kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára o. Ooru inú Ìjàpá yẹn kò ṣeé fẹnu sọ, ẹni tó ní ọkọ̀ ní àdúgbò wa kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ bẹ́líìtì ìjókòó sí nǹkan kan.

Ní báyìí, Micra ni mo sábà máa ń wọ̀ láti Pansẹ́kẹ́ lọ sí Kútọ̀, èmi àti ẹlòmíràn lórí àga iwájú kan ṣoṣo. Awakọ̀ tó gbé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó dájú pé wọn kò tíì bí i nígbà Ṣàgàrí, ń fi ìbànújẹ́ ṣàlàyé fún wa bí òun ṣe ń ra epo ní 185 náírà nígbà tí ayé ṣì dára, gbogbo wa nínú ọkọ̀ sì ń bá a kẹ́dùn.