Ọmọ Tó Dúró Tó Ń Wò Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Kíláàsì Mi

Ẹ̀yin tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojoojúmọ́ jókòó sórí àga kékeré títí orúnkún yóò fi máa dun yín, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ní ẹnì kan ń bọ̀ wá wo bí ẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Àyà ẹlòmíràn a máa já. Tèmi kì í já tẹ́lẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn kí èèyàn wá rí ohun tí àwọn ọmọ mi ń ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ èyí, inú mi kò sì tíì rọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó tó di pé mo gbàgbé bó ṣe dùn mí tó.

Àwọn ọmọ ọdún 4 ni mo ń kọ́. A ní igun ìwé, igun búlọ́ọ̀kù ìṣeré, igun omi àti iyanrìn, àti ẹní ńlá tí gbogbo wa máa ń jókòó yí ká lórí rẹ̀ láàárọ̀. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Bí a bá ń kọrin, ètè rẹ̀ á máa mì, ohùn kò ní jáde. Nígbà eré, á kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn yòókù wà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wò wọ́n. Mo ti mọ ìṣe rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀ tán, òun á wá lọ dán ohun tó rí wò, nígbà míràn tirẹ̀ á tilẹ̀ dára ju tiwọn lọ. Èdè tí à ń sọ ní kíláàsì kọ́ ni wọ́n ń sọ nílé wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ èdè kejì ló máa ń dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n á kàn máa gbọ́, kí wọ́n tó la ẹnu. Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé náà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí a ti kúrò lórí ẹní, tí àwọn ọmọ ń tú lọ sí igun eré, ni ẹni tó wá wo kíláàsì wọlé. Kò bá mi sọ ohunkóhun ṣáájú. Ó dúró gbagidi sí àárín yàrá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan fi eré sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan fa aṣọ mi, ó ní, "Àǹtí, ta nìyẹn?" Ní igun búlọ́ọ̀kù, àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọ́ afárá. Ó wó, wọ́n tún un kọ́, ó tún wó. Ọmọkùnrin mi yìí dúró tì wọ́n, ó ń wò. Ẹni náà wò ó, ó kọ nǹkan. Ó bojú wò mí, ó tún kọ nǹkan. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde. Ọ̀dọ̀ ọmọ kan tó ń sunkún nítorí pé wọ́n já ọkọ̀ ìṣeré gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ibi tó yẹ kí n wà ni mo wà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń sọ ọ́ báyìí.

Wọn kò pè mí sí kọ̀rọ̀. Inú ìpàdé gbogbo tíṣà ni wọ́n ti ka ìjábọ̀ náà. Wọ́n ka ti àwọn kíláàsì tó ṣáájú, ó wá kan tèmi. "Ọmọkùnrin kan wà tí kò kópa nínú ohunkóhun. Ó jọ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ọpọlọ rẹ̀ kò yára. Tíṣà kò kà á sí." Mo rò pé etí mi ló ń gbọ́ òdì. Mo nawọ́ sókè, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n kà á tán. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n ní àkókò ti lọ. Ẹni tó jókòó tì mí ń fi bírò ya nǹkan sórí ìwé rẹ̀ kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin. Ara mi bù máṣọ. "Tíṣà kò kà á sí" yẹn, àgbà ni mí, mo lè gbé e. "Ọ̀lẹ" ni kò ṣe é gbé mì. Ọmọ ọdún 4 tó ń fi ojú jẹ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá náà, ẹnì kan tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Wọ́n ti pe ìyá ọmọ náà, wọ́n sì ti fún un ní ẹ̀dà ìjábọ̀ yẹn, èmi kò sì mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo ti pàdé rẹ̀ nígbà tó wá mú ọmọ lọ sílé. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi ò gbọ́n ni?" Ọmọ náà dúró láàárín wa, ó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀fun mi sì dí. Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Ọmọ yín gbọ́n." Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà mí gbọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló wà lọ́wọ́ tèmi. Wọ́n lọ, mo padà wọlé, mo sunkún láàárín àwọn àga kéékèèké yẹn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ìyókù kò gùn. Mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó máa wá jókòó sí kíláàsì mi láàárọ̀, kó máa kọ ohun tó bá rí. Ó kọ ọ́. Mo kó tirẹ̀ àti ìwé tèmi lọ bá ọ̀gá, wọ́n yí ìjábọ̀ àkọ́kọ́ padà, wọ́n pe ìyá rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ wo kíláàsì, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, fi sọ́kàn ni pé kí ẹ kọ ohun tí ojú yín rí àti ohun tí etí yín gbọ́. Ohun tí ẹ rò, ẹ kọ ọ́ síbòmíràn. Ẹ wo bí ẹlẹgbẹ́ mi ṣe kọ tirẹ̀: "9:42. Ó mú búlọ́ọ̀kù gígùn méjì, ó nà wọ́n dúró. Ó gbé pẹlẹbẹ kan lé wọn lórí, ó já bọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, 'Ó jìnnà jù.' Ó sún àwọn méjèèjì mọ́ra. Ó tún gbé e lé e. Kò já bọ́." Kò sí "ó gbọ́n" níbẹ̀, kò sí "ó kú iṣẹ́". Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò rí i pé ọmọ yìí ti mọ ìdí tí afárá àwọn ọmọbìnrin yẹn fi ń wó. Níbo ló ti mọ̀ ọ́n? Nígbà tó dúró tó ń wò wọ́n ni, ìgbà tí wọ́n ní kò kópa. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ yẹn náà, Lev Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó ṣe ìwádìí nípa ìrònú ọmọdé, ti kọ nípa rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó kú ní 1934: ọmọ kékeré máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ darí ìrònú àti iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sókè láàárín yàrá kò lè gbọ́ ọ.

"Ọ̀lẹ" kò ṣe é fi ojú rí. "Ó dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ méjì tó ń kọ́lé fún ìṣẹ́jú 4" ṣe é fi ojú rí. Bí ẹ bá kọ ìkejì, ẹlòmíràn lè bá yín rò ó. Bí ẹ bá kọ ìkínní, ẹ ti dá ẹjọ́ tán, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà. Ẹ tilẹ̀ tún wá dá a láìgbọ́ ti ẹnì kankan.

Ó tún yẹ kí ẹni tó ń wo ọmọ kékeré mọ oríṣi eré tó wà. Ní 1932, Mildred Parten ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń bá ara wọn ṣeré. Ó pín in sí ọ̀nà 6: ọmọ tí kò tíì ka nǹkan kan sí, ọmọ tó ń dá ṣeré, ọmọ tó ń wo àwọn tó ń ṣeré, ọmọ tó ń ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, àwọn tó ń ṣeré pọ̀ láìní ètò, àti àwọn tó pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹ rí i pé ó ya ọmọ tí kò ka nǹkan kan sí sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tó ń wòran. Méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n dà pọ̀ lórí ọmọ mi. Ọmọ tó ń wòran máa ń súnmọ́ ibi eré, ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀, nígbà míràn á béèrè ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan-kan, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sì ni Parten fi wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ pé ẹ má wá lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àlejò bá wọlé, àlejò ni àwọn ọmọ máa ń wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé yín. Ẹ jókòó nílẹ̀ tàbí sórí àga kékeré, ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ láìdí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn ní ṣókí, kí ẹ padà sí ìwé yín. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ kankan láìgba àṣẹ òbí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tíṣà lẹ fẹ́ wò, ẹ wo bó ṣe ń dúró de ìdáhùn. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, rí i nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì pé tíṣà kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó fúnra rẹ̀ dáhùn. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Èmi náà máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá náà sínú. Ó wà nínú nóòtì ẹ̀kọ́ mi, bí wọ́n bá bi mí ni.

Ẹ wo àwọn ọmọ náà, ẹ má kàn wo tíṣà. Ferre Laevers ti yunifásítì Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe òṣùwọ̀n kan tó lọ láti 1 dé 5 láti fi wo bí ọkàn ọmọ ṣe wà lórí ohun tó ń ṣe tó. Ojú ọmọ, bó ṣe dúró, bó ṣe ń rọ́jú tí nǹkan bá le, bó ṣe ń fara balẹ̀ ṣe é, àwọn ni wọ́n ń wò. Ariwo kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó ń pariwo ìdáhùn lórí ẹní lè wà ní 2, kí ọmọ tó dákẹ́ sí igun wà ní 5. Ọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a fojú fo ọmọ tó bá dákẹ́. Ìdákẹ́ lè jẹ́ pé etí ọmọ kò gbọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ṣé ó yíjú nígbà tí wọ́n pè é láti ẹ̀yìn? Ṣé ó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn yòókù kò sí níbẹ̀? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ nílé? Dókítà lè fi irú àkọsílẹ̀ yìí ṣiṣẹ́. "Ọpọlọ rẹ̀ kò yára" kò wúlò fún dókítà, kò wúlò fún tíṣà, ìyá ọmọ ló ń pa lára.

Ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì tún bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. "Mo rí ọmọ kan tó dúró ti àwọn tó ń kọ́ afárá, kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá ti mú ìwé mi jáde, ìyá yẹn kò sì ní béèrè ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi níṣojú ọmọ rẹ̀.

Mo ti ní kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe. Òpó méjì ni mo béèrè fún, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n rí tòun ti aago, èkejì fún ohun tí wọ́n rò, àti àyè nísàlẹ̀ tí tíṣà yóò ti fèsì kó tó di pé òbí kankan rí i. Wọ́n gba òpó méjì náà. Lórí àyè ìfèsì tíṣà, wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó, mo sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní gbogbo ìpàdé.