Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí táyà tírélà tó ń jò díẹ̀díẹ̀

Tírélà kékeré tí à ń so mọ́ ìdí mọ́tò, irú èyí tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí táǹkì omi, ìṣó kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ kí táyà rẹ̀ jò. Ìjókòó sójú kan ni. Òjò ń pa á, rímù ń dóògún níbi tí ẹnu táyà ti dì mọ́ ọn, rọ́bà nọ́súlù (ẹnu tí à ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí táyà) sì ń sán. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í kọ́kọ́ wá ìṣó.

Ẹ fẹ́ táyà dé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú táyà tírélà oní-rímù 15 ń gba 50 tàbí 65 psi (ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà). Bí ẹ bá fẹ́ ẹ sí 30 bíi ti mọ́tò, ojú ibi tó ń jò lè má hàn. Ẹ da ọṣẹ olómi ṣíbí 2 sínú omi ìdajì lítà.

Ẹ kán an sẹ́nu nọ́súlù. Bó bá ń hó, píìnì inú rẹ̀ tó ń dí atẹ́gùn mọ́ ni; ẹ yí i le díẹ̀, tí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi agbára yí i, rọ́bà rẹ̀ tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ tẹ nọ́súlù sọ́tùn-ún sósì, torí pé ibi tó ti sán ní ìdí kì í hó àfi tó bá tẹ̀. Nọ́súlù rọ́bà ti mọ́tò kò gbọdọ̀ kọjá 65 psi. Táyà tó ń gba 80, ti onírin ni kí ẹ fi sí i.

Ìṣó ojú táyà rọrùn: okùn rọ́bà tó ń lẹ̀ la fi ń dí i, bí ihò kò bá ju mílímítà 6 lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ táyà kò ṣeé dí.

Etí rímù ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ tú táyà kúrò lára tírélà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ da omi ọṣẹ yí etí rímù ká, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìhó wẹ́wẹ́ bíi fóòmù ẹmu ni ẹ ó rí. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò náà. Ẹ yọ píìnì kí atẹ́gùn tán pátápátá, ẹ gbé pákó lé ẹ̀gbẹ́ táyà nítòsí rímù, kí ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ mọ́tò tó wúwo títí ẹnu táyà yóò fi já kúrò lára rímù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìdóògún náà dé ojú irin, ẹ fi sáńpépà 80 dán an, ẹ kùn ún ní ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ mọ́jú. Bí irin bá ti jẹ wọnú, ẹ ra rímù mìíràn. (Oògùn olómi tí wọ́n ń dà sínú táyà? Yíyí táyà ló ń gbé e kiri, tírélà yín sì wà lórí ìdúró.)

Ẹ dá píìnì padà, ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu táyà kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Bí kò bá mú atẹ́gùn, ẹ fi okùn fún àárín ojú táyà, kí ẹ tú u kété tó bá ti mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa dún gbò bí ẹnu táyà bá ti ń wọ ààyè rẹ̀ lára rímù. Bí kò bá tíì dún ní 40 psi, ẹ tú atẹ́gùn, ẹ tún fi ọṣẹ pa á. Àwọn kan máa ń da pẹtiróòlù sí táyà, kí wọ́n ṣáná sí i kó lè mú rímù; ẹ má ṣe dá a wò láé, ó ń fọ́ táyà mọ́ ènìyàn lójú.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn atẹ́gùn táyà, kí ẹ tún wọn ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, torí ooru ọ̀sán ń gbé jẹ́ẹ̀jì, ohun tí a fi ń wọn atẹ́gùn, sókè. Bí ẹ bá ti wà á bíi kìlómítà 80, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè.