Etí ni mo fi ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Kúbà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé Kúbà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ló máa ń béèrè ìdí tí mi ò fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, níbi tí èdè ò ti ní fún mi ní wàhálà. Irú wa gan-an ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún. Ọdún 1986 ni Escuela Internacional de Cine y Televisión bẹ̀rẹ̀ ní San Antonio de los Baños, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Havana. Gabriel García Márquez, òǹkọ̀wé ọmọ Kòlóńbíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, pẹ̀lú Fernando Birri ará Ajẹntínà àti Julio García Espinosa ọmọ Kúbà. Ilé ẹ̀kọ́ fún Látìn Amẹ́ríkà, Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n pè é. Wọ́n pe àwa náà, kí ló dé tí a ò ní jẹ́?

Àárín oko ni a wà. Ibẹ̀ la ń sùn, ibẹ̀ la ń jẹun, ibẹ̀ la ti ń ya fíìmù, fún ọdún mẹ́ta. Oníkálukú ló ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ̀ka ohùn ni mo yàn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lọ́wọ́ ló ń kọ́ wa: wọn á wá fún ìgbà díẹ̀, wọn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ohun tó mú ẹ̀kọ́ náà dùn nìyẹn, òun náà ló sì mú kí èdè le. Etí mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́ ará Ajẹntínà tó ń pe "yo" bíi "ṣo", ó ti di ẹrù rẹ̀, ará Sípéènì ti dé, ó ń ti ahọ́n sáàárín eyín láti pe "cinco". Ọmọ Kúbà ní tirẹ̀ á gbé "s" ìparí ọ̀rọ̀ mì ráúráú. Ẹ̀yin tó ń gbèrò àtiwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ Sípáníìṣì títí ẹ ó fi lè fi jiyàn.

Inú hẹ́dífóònù ni èdè náà ti wọ̀ mí lára. Bí a bá ń to ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré pọ̀, gbólóhùn kan náà la ó máa gbọ́ lágbọ̀ọ́túngbọ́. Kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi, mo ti mọ ibi tí òṣèré ti mí àti ibi tí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Etí Yorùbá ti mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti kékeré, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ gidi.

Kí a tó kúrò níbi tí a ti ya fíìmù, ẹni tó ń gba ohùn á ké "Silencio!", ìyẹn "Ẹ dákẹ́!" Gbogbo èèyàn á dúró gbagidi, ẹni tó gbé ife kọfí lọ́wọ́, ẹni tó ń ká wáyà, a ó sì gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Kò sí yàrá tó dákẹ́. Fíríìjì ń kùn, àkùkọ ń kọ lọ́hùn-ún. Ohun tí a gbà yẹn la ó fi dí àárín ọ̀rọ̀, kí etí òǹwòran má baà mọ ibi tí a ti gé e. Bí mo bá rántí àwọn fíìmù wa nílé tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń bo òṣèré mọ́lẹ̀, tí orin tún wá bo ìyókù, ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Àwọn òṣèré wa mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Wọn ò yẹ lẹ́ni tí à ń pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, a lọ gba ohùn ní El Rincón, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì San Lázaro, ìyẹn Lásárù Mímọ́, wà. Lálẹ́ ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17, ogunlọ́gọ̀ ló ń wá san ẹ̀jẹ́ wọn níbẹ̀. Àwọn kan ń fi orúnkún rìn, àwọn kan ń wọ́ òkúta tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, Babalú Ayé ni San Lázaro, ìyẹn Ọbalúayé. Mo na ọ̀pá máíkí sí ìyá àgbà kan tó ń kọrin. Díẹ̀ yé mi, púpọ̀ ò yé mi. Nígbà tó parí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú alẹ́, ìyá." Ó gbá orí mi mú, ó ní, "Aché, mijo," ìyẹn "Àṣẹ, ọmọ mi." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí, wọ́n ń dúró kí n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wọn.

Regla, lódìkejì èbúté Havana, la ti fẹ́ ya fíìmù àṣekágbá mi, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n ń ṣọdún Yemayá, ìyẹn Yemọja. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi ará Chile tó máa darí rẹ̀ sọ ọ́ tán: a ò ní fi orin kankan lé e lórí. Ìró omi, ìlù bàtá àti ohùn àwọn èèyàn ibẹ̀ ti tó.